Sàdíátù Gbààwẹ̀ Ọjà

Nígbà tí Faransé kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Dahomey, olúkúlùkù ló mọ ohun tí òun fi òmìnira ṣe. Àwọn kan wọ ọ́fíìsì. Àwọn kan kọ́ bí a ti ń fi imú sọ "bọ́ọ̀n", "ó dáa" ti Faransé. Ní Ifangni, Sàdíátù ìyá Ràfátù, aya Jẹ́láàní, abọ́ tánganran ni tirẹ̀.

"Ṣé torí kí n lè máa fi igbá mumi ni òyìnbó ṣe lọ ni?" Bó ti máa ń wí nìyẹn, táá sì gbé òmíràn wọlé.

Ẹnikẹ́ni kì í jẹun nínú abọ́ ọ̀hún o. Wọ́n kàn gun ara wọn ni, abọ́ alákùkọ lórí abọ́ olódòdó, láti ilẹ̀ títí kan àjà, débi pé eku ilé kó lọ sílé kejì nítorí àìríbi rìn. Jẹ́láàní, àgbẹ̀ tó fẹ́ràn àlàáfíà, inú yàrá ni orí rẹ̀ ń sùn, ìta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sùn. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ẹsẹ̀ ti wẹ̀ kí orí tó jí.

Ọ̀rọ̀ wá dọ̀rọ̀ nígbà tí ìyá Jẹ́láàní darúgbó kọjá oko ríro, tí wọ́n ní kó máa bọ̀ láti Tchaada wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ.

"Sàdíátù," ni ọkọ wí, "lọ́jọ́ tí màmá bá dé tí kò ríbi tẹ́ ẹní, ìwọ àti abọ́ rẹ, Banigbé ilé bàbá rẹ ló yá o."

Sàdíátù fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, òrùlé bàbá rẹ̀ sì ń jò. Lójú ẹsẹ̀ ló gbààwẹ̀: títí màmá yóò fi dé, òun ò ní ra nǹkan kan, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́.

Ìyà ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ọjà àkọ́kọ́, ibà mú un. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó ń nájà lójú oorun. Nígbà tó yá, ó dọ́gbọ́n: ààwẹ̀ ò ní kéèyàn má gbóòórùn ọbẹ̀. Òun á kàn lọ nájà, òun ò ní rà. Gbogbo wa la sì mọ òfin ọjà: bí o bá sọ iye, tí ọlọ́jà bá ní "gbé e", o ti rà á nìyẹn. Bí o bá sá, wọ́n á fi ọ́ kọrin dé Ko-Koumolou. Nítorí náà, iye tí ẹni tórí rẹ̀ pé ò lè gbà ni Sàdíátù ń sọ. Aláṣọ bú u. Oníbàtà pòṣé. Ara rẹ̀ ń balẹ̀ bí ẹni mu ẹ̀kọ gbígbóná.

Bó ṣe dọ́dọ̀ Ògúnjìnmí tó ń ta àlòkù òyìnbó nìyẹn. Ibùsùn onírin kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ bí oko ẹ̀gẹ́, tí kò sílẹ̀kùn tó gbà á. Ògúnjìnmí ti rù ú wá sọ́jà, ó ti rù ú relé, títí ọrùn rẹ̀ fi wọnú àyà.

"Ìyá Ràfátù, èló lẹ máa san?"

"Owó àkàrà àárọ̀ mi nìkan ni mo ní."

"Ẹ gbé e!"

"Háà! Bàbá, mo ń ṣeré ni o!"

"Eré kẹ̀? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ o! Bọ́ọ̀n, ẹ gbé ibùsùn yín. Ọrùn mi ti ń padà bọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ààwẹ̀ ni mo wà."

"Ẹ fi ṣínu."

Wọ́n wó ògiri díẹ̀ kí ibùsùn tó wọlé. Nígbà tó wọlé tán, ó gba yàrá láti igun dé igun. Sàdíátù ò bẹ̀rù. Ó kó gbogbo abọ́ sórí ibùsùn, ó fi aṣọ bò wọ́n kí òtútù má baà mú wọn, ó wá tẹ́ ẹní màmá sábẹ́ rẹ̀. Ibi tẹ́ ẹní ṣáà wà, àbí kò sí?

Màmá dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn. Ó nàró, ó wo orí rẹ̀.

"Jẹ́láàní ọmọ mi, nínú èmi àti tánganran, ta lẹ ń pè lágbà nílé yìí?"

Jẹ́láàní yíjú sí aya rẹ̀. "Ẹrù kan máa lọ sí Banigbé lónìí. Ìwọ ni, àbí àwọn abọ́?"

Sàdíátù ronú. Ó ronú pẹ́ débi pé màmá fọwọ́ ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gun ibùsùn, ó sùn, ó sì ń hanrun. Níkẹyìn, Sàdíátù bẹ̀rẹ̀ sí í di abọ́. Ó tẹ̀ lé àwọn alárù dé Banigbé, ó ń sunkún bí ìyá ìyàwó, ó ń kígbe pé, "Ẹ rọra o, alákùkọ nìyẹn!"

Ìrọ̀lẹ́ ló padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Láti ìgbà tí Ifangni ti wà, ẹnì kan ò rí i kí ó ti ọ̀nà bọ̀ láìrẹrù. Àwọn aládùúgbò sáré jáde.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o! Ta ló kú?"

"Ẹ ṣeun," ni Sàdíátù wí. Ó wọlé, ó sì rá pálá sórí ẹní lábẹ́ ibùsùn.