Ọkùnrin Oníkóòtù Inú Tẹlifíṣàn Bàbá Mi

Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi já láàárọ̀ yìí, gẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ jáde. Mo wá abẹ́rẹ́, mo rí i. Mo wá òwú, mo rí i. Ojú abẹ́rẹ́ gan-an ni mi ò rí. Èmi, ọmọ télọ̀! Mo fi píìnì há ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́ àyà, mo wá ń kùn kiri ilé bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Bí mo ṣe ń kùn lọ́wọ́ ni òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Bàrígà bá gba imú mi. Aṣọ tí wọ́n wọ́n omi sí, èédú tó ń jó, àti ẹja tí màmá mi ń yan lẹ́yìnkùlé, bí ilé wa ṣe máa ń rùn nìyẹn. Tí kùrukùru bá gòkè láti ọ̀sà wá láàárọ̀, a kì í rí òdìkejì títì. Ó máa ń dùn mọ́ bàbá mi nínú bẹ́ẹ̀, torí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Ràìmí ló wà lódìkejì, télọ̀ sì ni òun náà.

Ó ku bí ọdún kan ká gba òmìnira nígbà yẹn, tẹlifíṣàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Òyìnbó kan tí bàbá mi ń ránṣọ fún ń padà sílùú wọn, ó sì fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún un. Wọ́n gbé e sórí tábìlì tí wọ́n fi ń géṣọ, wọ́n so eriali ẹ̀ mọ́ ọparun gíga kan. Gbogbo àdúgbò rọ́ dé. Ẹni tó bá wá wòran nírọ̀lẹ́ òní, á gbé aṣọ Kérésì ẹ̀ wá lọ́la, iṣẹ́ Kérésì yẹn la sì fi ń jẹun títí di Àjíǹde. Bọ̀dá Ràìmí ń wò wá láti òdìkejì. Kò pẹ́, òun náà gbé tiẹ̀ dé, ó tóbi ju tiwa lọ. Ó to bẹ́ǹṣì, ó tún ń pín ẹ̀pà yíyan. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ló wà, àwòrán kan náà ló ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì méjèèjì. Ẹ̀pà ló yàtọ̀.

Bàbá mi ní òun ò ní ẹ̀pà, ṣùgbọ́n òun ní ọmọ tó ń lọ síléèwé. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ni mo wà, gẹ̀ẹ́sì mi ò kún ṣíbí. Mo dúró ti tẹlifíṣàn náà nínú ṣòkòtò péńpé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, mo ń ṣe bíi bíṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin oníkóòtù kan á yọjú, á sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí, màá wá kọjú sáwọn èèyàn pé, "Ó ní ẹ káalẹ́."

Apẹja kan wà tí à ń pè ní Bàbá Ọlọ́kọ̀, iwájú ló máa ń jókòó. Ó ní, "Délé, gbogbo ìyẹn? Ẹ káalẹ́ nìkan?"

"Ó ní ẹ káalẹ́ dáadáa ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọdá títì lọ jẹ ẹ̀pà. Nígbà tó yá, ó ku Bàbá Ọlọ́kọ̀ nìkan, òun náà sì ti sùn. Bàbá mi jókòó ti máṣíìnì tí kò sí aṣọ lórí ẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lásán. Ìró yẹn ṣì wà létí mi, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, bí òjò tó ń rọ̀ sílé ẹlòmíì.

Ìgbà yẹn ni màmá mi gbé àwo ẹja wọlé. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí òkun ni wọ́n ti bí i, kò gbọ́ ẹyọ gẹ̀ẹ́sì kan. Ó jókòó, ó gbé àwo ka itan, ó wo ọkùnrin oníkóòtù.

"Ẹ wojú ẹ̀," ló wí. "Ìyàwó ẹ̀ ti bi í léèrè ibi tó sùn lánàá. Ó ti kọ irọ́ tó fẹ́ pa fún un sínú ìwé ọwọ́ ẹ̀ yẹn kó má baà gbàgbé."

Bàbá Ọlọ́kọ̀ jí. "Ìyàwó ọ̀hún dà?"

"Ibi tá ò ti lè rí i ló jókòó sí. Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe ń gbójú sókè wò ó ni?"

Mo ní, "Màmá, ìròyìn ló ń kà!"

Bàbá mi ò tiẹ̀ wojú mi. "Pa ẹnu ẹ mọ́. Wo ẹnu ọ̀nà."

Ẹni méjì ti dúró síbẹ̀, ẹ̀pà Bọ̀dá Ràìmí ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, gbogbo Bàrígà ló fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó ti dárí jì í. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n jókòó sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣàn ń mì lójú wọn bí òṣùpá lórí ọ̀sà. Ìyàwó Bọ̀dá Ràìmí pàápàá fi ìborùn bojú wá. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Délé, ṣé ó sùn sílé lánàá?" Aṣọ Kérésì ga ní ṣọ́ọ̀bù wa débi pé orí ẹ̀ ni mò ń sùn lé. Ohùn màmá mi á máa gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, mi ò ní mọ ìgbà tí wọ́n bá pa tẹlifíṣàn.

Mo ti darúgbó báyìí. Gẹ̀ẹ́sì mi fi díẹ̀ kún sí i. Ṣánẹ́ẹ̀lì tó wà lórí tẹlifíṣàn ilé mi, mi ò mọye ẹ̀, gbogbo wọn ló ń bẹ̀ mí pé kí n má lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀ fáwọn ọmọ mi, wọ́n á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan ni, bíi ti ìgbà tí mo wà ní Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀.

Màmá mi ti lọ sinmi. Ìgbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, mo bi í bó ṣe ń mọ ohun tí ọkùnrin oníkóòtù yẹn ń sọ. Ó wò mí tàánú-tàánú.

"Ta ló ń wo ìyẹn?" ló wí. "Ìwọ lo kọjú sí tẹlifíṣàn. Èmi ń wo Bàbá Ọlọ́kọ̀, bóyá ó tún fẹ́ sùn."