Tíì Tí Edna Clegg Pè Wá Sí

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àdúgbò tí wọ́n ti dàgbà, ẹ ó rò pé Párádísè ni wọ́n lé wọn kúrò. Èmi ò ní irọ́ yẹn í pa. Linnet Close ni wọ́n ti tọ́ mi, ní ìlú Hartlow, ní gúúsù London, níbi tí gbogbo ilé ti jọra débi pé bàbá mi ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn rí, kì í sì í ṣe pé ó mutí. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, àwọn bàbá á máa fọ mọ́tò tí kò dọ̀tí. Àwọn ìyá á dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì funfun, wọ́n á máa wo ẹni tí kò fọ tiẹ̀. Bí ooru bá dé, wọ́n á kó wa lọ sétí òkun, òjò á rọ̀, a ó jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú fèrèsé títì, a ó máa jẹ búrẹ́dì òun ẹyin, a ó máa wo omi. Gbogbo wa á ní a gbádùn ara wa. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ o, ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí nìdí.

Méjì méjì ni wọ́n kọ́ ilé wa mọ́ra, ògiri kan ni ilé méjì jọ ń lò. Ẹni tó mọ ògiri yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì í, bóyá páálí ló fi mọ ọ́n. Bí bàbá mi bá sín lọ́dọ̀ wa, ó kù díẹ̀ kí ará ilé kejì kí i. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kí i. Òfin Linnet Close nìyẹn, kò sẹ́ni tó fẹnu sọ ọ́ rí, kò sì sẹ́ni tó ń rú u: ohunkóhun tí ògiri bá gbé wá fún ọ, o ò gbọ́ ọ. Tọkọtaya tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀gbẹ́ wa máa ń sọ àwo lu ara wọn ní gbogbo alẹ́ Jímọ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, ìyá mi á yọjú lókè ọgbà, á ní ojú ọjọ́ mà dára, wọ́n á ní ó dára gan-an ni. Nígbà tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀, ìyá mi ní ó ya òun lẹ́nu.

Lẹ́yìn tí àwọn yẹn kó lọ ni Edna Clegg àti Walter ọkọ rẹ̀ kó dé láti Oldham, lápá àríwá lọ́hùn-ún. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì ló gba Walter síṣẹ́, kó máa tún máṣíìnì wọn ṣe. Edna ò fẹ́ wá rárá. Ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Òun ló tọ́jú ìyá náà títí tó fi mí kanlẹ̀, wọ́n sin ín tán, kò tíì nu ojú gbẹ, ó di kó máa di ẹrù. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ ki pọ́pọ́, ohùn rẹ̀ a sì máa dé títì kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ débẹ̀. Ọjọ́ kejì tó dé ló kúnlẹ̀ sí iwájú ilé, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì bó ẹnu ọ̀nà lójú gbogbo ayé. Ní Linnet Close, ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá dọ̀tí, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń fọ̀ ọ́.

Èyí tó burú jù ni pé "olólùfẹ́ mi" ló ń pe gbogbo èèyàn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni, kò ní nǹkan kan nínú. Ó pe ẹni tó ń gbé mílíìkì kiri bẹ́ẹ̀. Ó pe àlùfáà bẹ́ẹ̀. Ó wá pe bàbá mi bẹ́ẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́ ewé ọgbà, bàbá mi bá gé ohun tí kò yẹ kó gé, ihò yẹn sì wà lára ọgbà wa títí ọdún fi yípo. Látọjọ́ náà, Joyce ìyá mi ló ń rẹ́ ọgbà.

Àwa ọmọdé fẹ́ràn Àǹtí Edna. Tí bọ́ọ̀lù wa bá fọ́ gíláàsì, àwọn yòókù á lọ bá bàbá wa sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́, á wá di ẹjọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Edna á jáde, á bú wa lójúkojú, á sì fún wa ní etí páì ẹlẹ́ran tó gbóná kí a tó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ń yẹra fún un. Wọ́n á kí i, wọ́n á ní kó yà sọ́dọ̀ àwọn níjọ́ kan, wọ́n á sì rìn lọ. Kò mọ̀ pé "níjọ́ kan" kì í ṣe ọjọ́ kankan. Ó ń retí. A máa ń gbọ́ tó ń dá rédíò lóhùn lọ́sàn-án, bíi pé èèyàn ló wà nínú ẹ̀. Ohun tí mo sì ń sọ ni pé a ò gbọ́ ọ.

Nígbà tó sú u, ó wá kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní, "Tíì wà lọ́dọ̀ mi ní Sátidé o, olólùfẹ́ mi. Gbogbo yín ni mò ń retí. Ẹ mú ọmọ yìí dání." Ó kọjá lọ sọ bẹ́ẹ̀ náà fún àwọn Thripp, tọkọtaya àgbàlagbà tó kọjú sí wa.

Kò dá aago. Kí la sì fẹ́ fi aago ṣe? Ní Hartlow, ọmọ ọwọ́ mọ̀ pé aago mẹ́rin ni tíì. Tíì ni pé kí o rọra fìdí lé etí àga, kí wọ́n gbé ife fún ọ, kí o jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi kùkúḿbà sí láàárín, èyí tó fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè wo òdì-kejì, kí o yin kọ́tìnnì, kí o sì dìde kó tó sú onílé. Ẹni tó bá jẹ bisikíìtì ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á rojọ́ ẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Aago mẹ́rin géérégé la kan ilẹ̀kùn Edna, àwa àti àwọn Thripp. Róòlà tó fi ká irun wà lórí rẹ̀, ìyẹ̀fun sì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó wò wá bíi pé a ti ta á jí lójú oorun, ṣùgbọ́n ó ní ká wọlé, ó po tíì fún wa nínú ife, ó sáré lọ tú róòlà. Òórùn ẹran òun àlùbọ́sà ń bọ̀ láti ilé ìdáná, ìyẹ̀fun ń yan nínú ààrò, ikùn mi dáhùn, ìyá mi sì fẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì. A jókòó. A yin kọ́tìnnì. Ọ̀gbẹ́ni Thripp sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tó yẹ ká lọ, ìyá mi wo Ìyáàfin Thripp, Ìyáàfin Thripp wo ọkọ rẹ̀, gbogbo wa dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Edna sáré tẹ̀lé wa dé géètì, aṣọ tó fi ń nuwọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ibo lẹ̀ ń lọ? Ẹ ò tíì fẹnu kan tíì."

"A ti mu ún, ó dùn gan-an ni," ìyá mi sọ, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀yìn eyín. "Ẹ ṣeun, a ò ní dá yín dúró mọ́."

"Tíì ni mo ní o."

"Ó dùn," Ọ̀gbẹ́ni Thripp náà sọ, ó sì dé fìlà rẹ̀. A bá tiwa lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì dúró sídìí géètì.

Kí n sọ òótọ́ nípa ìyá mi. Ó mọ èèyàn sín jẹ. Lójú ayé, obìnrin tó pa ẹnu mọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá ti tilẹ̀kùn tí a jókòó ti oúnjẹ alẹ́, kò sẹ́ni tó lè là lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ látorí àlùfáà dé orí ìyá bàbá mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, sọ́séèjì òun pòtétò la fẹ́ jẹ. Ìyá mi gbé àwo kalẹ̀, ó fa aṣọ ìnuwọ́ yọ, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó wá fi ohùn Oldham bọnu. "Ibo lẹ̀ ń lọ, olólùfẹ́ mi? Tíì ni mo ní o, tíì." Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi ọbẹ̀ fi dà sí i láyà. Èmi já bọ́ lórí àga. Ìyá mi rí i pé ọjà òun ń tà, ó bá tún gbé ohùn sókè, ó fi ìrìn kún un, ó fi róòlà orí kún un.

Ìgbà tí a sinmi ẹ̀rín ni a gbọ́ ẹkún láti inú ògiri. Kì í ṣe ẹkún aláriwo, ẹkún ẹni tó fi aṣọ di ẹnu ara rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà Walter sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀, ó ń bi í pé ta ló fẹ́ jẹ páì tó tóbi tó báyìí.

"Kó o dànù," Edna dá a lóhùn. "Mò ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́ńdè. Tó o bá fẹ́ bá mi lọ, o ó bá mi lọ. Tó bá jẹ́ bisikíìtì lo fẹ́, dúró tì í."

Bí ògiri bá ń sunkún, ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Ìyá mi ti na ọwọ́ sí i. Bàbá mi ló gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, tó ń wo àwo rẹ̀ bíi pé àwo ló ń bá a wí.

"Nígbà tí mo wà nínú iṣẹ́ ológun," ó ní, "ará Oldham kan wà tí ibùsùn rẹ̀ kan tèmi. Oúnjẹ alẹ́ ló ń pè ní tíì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń pè é lọ́hùn-ún."

Ìyá mi yíjú sí i. "Dennis, o ti mọ èyí látọjọ́ tó ti pè wá?"

"O ò bi mí."

Ohun tí ìyá mi wá pe bàbá mi lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe olólùfẹ́.

Ó wá yé wa wàyí. Obìnrin yìí fi odindi ọjọ́ se oúnjẹ fún wa, a yin kọ́tìnnì rẹ̀, a lọ jẹ sọ́séèjì nílé. Ẹlòmíì á sáré lọ bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ báwo la ṣe fẹ́ sọ pé a ṣe mọ̀? Bí a bá fi lè débẹ̀ pẹ́nrẹ́n, a ti jẹ́wọ́ pé a ń gbọ́, ojú wo la ó sì máa fi wo ara wa lórí ọgbà? Bàbá mi ní kí ìyá mi díbọ́n pé òun gbàgbé ìbọ̀wọ́ síbẹ̀, bóyá wọ́n á ní kó wọlé, kí ọ̀rọ̀ sì tibẹ̀ yọ. Ìyá mi lọ. Kò pẹ́ tó fi padà dé, ó sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn láìbọ́ kóòtù.

"Ó ní òun ò rí ìbọ̀wọ́ kankan," ó ní. "Ó ní, 'Ẹ kú alẹ́, Ìyáàfin Pocock.'"

Ìyáàfin Pocock. Ẹni tó pe àlùfáà ní olólùfẹ́ ló wá ń fi orúkọ bàbá mi pe ìyá mi. Ojú ti ìyá mi débi pé kò mọ ibi tí ì bá fi ọwọ́ sí, ó sì dùn mí, nítorí mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Láti òdì-kejì, a gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àpótí bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń dún gbì, gbì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé Àǹtí Edna ń lọ. Ìyá mi ní kí n dákẹ́. Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó di ìkúùkù, ó sì lù ú tó bẹ́ẹ̀ tí àwòrán ìgbéyàwó wọn fi já bọ́.

"Edna, má da páì yẹn nù. À ń bọ̀ wá jẹ ẹ́."

Àpótí dúró. Ohùn kan wá dáhùn láti inú ògiri, kò pariwo, kò sì nílò láti pariwo.

"Mò ń gbọ́ ẹ, Joyce. Látìgbà tó o ti ń sín mi jẹ ni mo ti ń gbọ́ ẹ."

Ẹ wo bí a ṣe gọ̀ tó: gbogbo ọdún tí a fi ń ṣe bíi pé a ò gbọ́ tiwọn, kò sẹ́ni tó rò ó wò pé àwọn náà lè máa gbọ́ tiwa. Ìyá mi gbé iwájú orí lé ògiri. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́, Edna. Jọ̀ọ́, má bínú." Lẹ́yìn náà ni Edna ní ká gbé àga dání, pé tòun ò tó.

A gbé àga gba iwájú ilé lójú gbogbo ayé, kọ́tìnnì àwọn Thripp sì ń mì. Páì náà wà láàárín tábìlì, kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án, ó fẹ̀ ju àyà bàbá mi lọ. Walter gbé ọ̀bẹ, Edna gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí n tó gé e," ó ní, "ṣe é, Joyce."

Ìyá mi ní kí lòun fẹ́ ṣe.

"Bó o ṣe ń sín mi jẹ. Ṣe é lójú mi."

Ìyá mi wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo páì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, Edna sì ní kì í ṣe bó ṣe dún lára ògiri nìyẹn, kó gbé e sókè. Ìyá mi fọwọ́ lé ìbàdí. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ṣe é tán pátápátá, ibo lẹ̀ ń lọ, tíì ni mo ní o, olólùfẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bí ilẹ̀ bá lanu lábẹ́ àga mi nígbà náà, tayọ̀tayọ̀ ni ǹ bá fi wọlẹ̀. Edna gbọ́ ọ dópin, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kò jọ mí," ó ní. "Ohùn màámi tí mo sin lọ́hùn-ún lo gbé jáde yẹn. Màámi gan-an." Ó fa àga, ó jókòó, ó sì ti ọ̀bẹ sí iwájú Walter.

"Jọ̀ọ́, Joyce," ó ní. "Tún un ṣe."