Ògiri Tó Wó Láàárín Àwa àti Màámé

Òjò ọ̀sán kan ló wó ògiri tó wà láàárín ilé wa àti ilé Màámé, ní Bantama níbí, nílẹ̀ Asante. Ògiri blọ́ọ̀kù àtijọ́ ni, ewé ti hù lára rẹ̀, ewúrẹ́ a máa fara họ ọ́. Kò sẹ́ni tó bìkítà fún un nígbà tó wà lóròó. Ìgbà tó ṣubú ni kálukú rántí pé òun ló ni ín.

Màámé ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá àgbà tó ni ilé kejì. Asante ni. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ní kó mọ ògiri tuntun, ó sì mú bíríkìlà wá. Bíríkìlà na okùn, okùn náà kò gba ojú ògiri àtijọ́, àárín àtíbàbà ìyá mi ló gbà kọjá.

Igi àti páànù la fi kọ́ àtíbàbà yẹn, ògiri tó wó la sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ tì. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń se kóókó, ògì gbígbóná tí àwọn èèyàn ń fi kóósé, àkàrà wa náà, mu láàárọ̀. Àwọn awakọ̀ akérò trotro mọ ibẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀ mọ ibẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ló ń bọ́ wa. Èmi ń kun fáníṣì sára àga ní Anloga Junction, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi, bó bá wá lónìí, ó lè má wá lọ́la.

Ìyá mi fa okùn náà já.

"Ta ló ní kí ẹ na okùn gba orí ìkòkò mi?"

Màámé jáde, ìró ní àyà, ó dá a lóhùn ní Twi. Kò sí èyí tí kò yé wa nínú Twi. "Ìkòkò ta? Ilẹ̀ bàbá mi lo ti ń dáná láti ọjọ́ yìí, mi ò sọ̀rọ̀. Alatani! Ẹ ní ẹ wá sùn, ẹ tún fẹ́ gba ẹní."

Alatani ni wọ́n ń pe àwa tí baba wa ti Nàìjíríà wá. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rín pè é, kì í dùn wá. Màámé kò rẹ́rìn-ín.

Ni èmi náà bá la ẹnu. Láyé àtijọ́, ìjọba ti ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sílé, bàbá àgbà mi sì wà lára wọn. Ó fi ilé sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kó tó padà wá. Mo ní, "Màámé, olè ilẹ̀ ni bàbá yín. Nígbà tí bàbá àgbà wa kò sí nílé ló mọ ògiri wọnú ilẹ̀ wa. Ta ni kò mọ̀?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ó kàn wá sí mi lẹ́nu ni, ó sì dùn ún sọ. Màámé kò bú mi padà. Ó wò mí, ó wọlé.

Ìkíni tán láàárín wa. Ìyá mi á gbá eérú sọ́dọ̀ tiwọn, Màámé á da omi ìfọṣọ sọ́dọ̀ tiwa. Bí oníbàárà bá ti pọ̀ díẹ̀, Màámé á gbé àpótí síwájú ilé rẹ̀, á ní, "Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́ o, erùpẹ̀ bàbá mi wà nínú kóósé yẹn." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà. Àwọn mìíràn á kọjá lọ.

Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò, ó sì rán agbẹnusọ rẹ̀ wá. Àwa náà bẹ Alhájì kan, àgbà láàárín àwọn Yorùbá tó wà níbí, pé kó bá wa jókòó. Lọ́dọ̀ Asante, ọtí ni wọ́n fi ń ṣí ẹjọ́. Màámé gbé ṣìnáàpù kalẹ̀. Mùsùlùmí ni wá, ìyá mi kò jẹ́ fọwọ́ kan ọtí, ó gbé mínírà kalẹ̀.

"Ṣé ọjọ́ ìbí ọmọdé la wá ṣe ni?" Màámé bèèrè.

Alhájì ní, "Màámé, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín sinmi díẹ̀, ẹ ṣì máa fi jẹun lálẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà gbẹ.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo fi òpó ara ògiri tó wó hàn wọ́n. Àwọn bíríkìlà máa ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ tí òpó bá kọjú sí ni olówó ògiri wà, àwọn òpó yìí sì kọjú sí wa. Mo rò pé mo ti jàre. Agbẹnusọ kò tilẹ̀ wo òpó. Ó ní, "Ntɔmme ńkọ́?"

Alhájì mi orí. "Pèrègún ló ń sọ. Àwa náà, òun la fi ń pààlà. Èyí tí bàbá àgbà yín gbìn dà?"

Ìyá mi ní, "Bàbá ọmọ yìí ló fà á tu. Nígbà tó dé láti Mẹ́kà ni. Ó ní igi òrìṣà ni, òun kò lè máa kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Alhájì gbé ọwọ́ lé orí. "Igi ààlà! Ẹ fi ọwọ́ ara yín fa ẹlẹ́rìí yín tu! Àwa tí wọ́n bí sí ìgboro yìí, a ò mọ oko, a ò mọ igi oko."

Agbẹnusọ ní gbòǹgbò pèrègún kì í tètè kú, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Mo ti gba ṣọ́bìrì kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo fẹ́ kí Màámé rí i pé ọkàn wa balẹ̀. Mo gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri, kò sí nǹkan kan. Mo sún wá sí tiwa, mo gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò, kò sí nǹkan kan. Mo ti ń fi imú kọrin. Wọ́n ní kí n yí àgbá omi ìyá mi kúrò. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù, ṣọ́bìrì wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì kan nǹkan.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ wá a. Gbòǹgbò ni, ó pọ́n lábẹ́ èèpo, ó sì ti yọ ọ̀mùnú funfun kan tí kò tíì rí oòrùn. Àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́hùn-ún, Màámé ń bá bíríkìlà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá mi nìkan ló ń wo ojú mi, mo sì rí i pé ó ti mọ̀. Ó mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan, pé má ṣe é.

Mo gbé gbòǹgbò náà sókè.

Ààlà wà lábẹ́ àgbá omi nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àtíbàbà wa, orí ilẹ̀ Màámé ló wà. Ògiri tí a ń jà sí, inú ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ló wà. Agbẹnusọ bi í pé kí ló dé tí bàbá rẹ̀ kò mọ ọ́n sórí ààlà.

"Nítorí pé onílẹ̀ kò sí nílé," Màámé wí. "Bàbá mi ní kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun jẹ ilẹ̀ ẹni tí wọ́n lé, kí wọ́n fa ògiri sẹ́yìn wá sínú tòun. Ó ní kí òpó wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, kí àwa ọmọ lè rí ibi tó dán gbá bọ́ọ̀lù sí. Èmi ni mo ru omi tí wọ́n fi po símẹ́ńtì." Ó yí ojú sí mi. "Olè ilẹ̀ náà nìyẹn."

Mo rọra gbé gbòǹgbò náà kalẹ̀.

Ó tún ní, "Bí ìyá rẹ bá bẹ̀ mí, èmi náà á fa ògiri sẹ́yìn, kó máa dáná rẹ̀."

Gbogbo wa wo ìyá mi.

"Kí n bẹ ta? Ẹni tó ní erùpẹ̀ wà nínú kóósé mi?"

Alhájì ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan péré ni."

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un, ẹ̀yin tí ẹnu yín kò wúwo."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò. Kò jẹ́ kí n bá òun yọ páànù.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màámé nítorí ohun tí mo pe bàbá rẹ̀. Ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Dìde, o ń dí adìẹ lọ́nà." Kò ní òun dárí jì mí, kò ní òun kò dárí jì mí. Mo tún fẹ́ mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àtíbàbà, ó ní, "Ìyá rẹ ni mo ní kó bẹ̀ mí, kì í ṣe ìwọ."

Ògiri tuntun ti dúró báyìí, lórí ààlà gan-an. Etí títì ni ìyá mi ti ń se kóókó lábẹ́ agbòòrùn. Bí òjò bá ṣú, ọjà ti tán nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì kò wá mọ́. Mo máa ń bá a gbé tábìlì jáde kí n tó lọ sí Anloga. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kankan kò tíì dé, ó ń yí kóósé nínú epo, kò wò mí.

"Ṣé o ò lè fi erùpẹ̀ bo gbòǹgbò yẹn ni?"

"Mo lè bò ó, Ìyá."

Ó kó kóósé náà jáde. Ó fún mi ní èyí tó jóná.