Jíbrílù Elétí Tápẹ́ẹ̀tì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé adití ni Àlímọ̀t. Etí obìnrin náà mú ju abẹ lọ. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní yàrá òkè, á gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Jíbrílù ọkọ rẹ̀ ni kò gbọ́ràn, Jíbrílù yìí kan náà ló sì ń sọ kiri gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó pé ìyàwó òun ni kò gbọ́ràn. Ẹ wo ìwà ọ̀dájú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín.

Mẹkáníìkì máṣíìnì ni Jíbrílù. Iwájú agboolé bàbá rẹ̀, lẹ́yìn Èbúté Èrò níbẹ̀ yẹn, ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, lábẹ́ páànù kan tó ti dípẹtà. Tápẹ́ẹ̀tì ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò bá mọ tápẹ́ẹ̀tì, irin kan ni lórí ẹ́ńjìnnì tó ń ti fáàfù kó lè ṣí, kí epo wọlé, kí èéfín jáde. Àlàfo tín-ín-rín gbọ́dọ̀ wà láàárín irin yẹn àti fáàfù, kò nípọn ju bébà kan lọ. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, irin á máa lu fáàfù ṣakaṣaka. Bí ó bá fún jù, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n fáàfù ò ní padé dáadáa, iná á máa jó o lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí máṣíìnì á fi dákú. Àwọn máṣíìnì ayé ìsinsìnyí ló tún wá burú jù, wọn kì í gba gbẹ̀fẹ́ rárá.

Àwọn mẹkáníìkì kan a máa fi géèjì wọn àlàfo yìí, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò pọ̀ bí abẹ. Wọ́n á dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù kí wọ́n tó ṣí i. Jíbrílù kì í wọn nǹkan kan. Á tan máṣíìnì, á gbé ẹnu sukudiráfà lé orí ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ ti egungun etí, á di ojú pinpin bí ẹni tó ń gba àdúrà. Á pa á, á yí nǹkan díẹ̀, á tún tàn án, á tún gbọ́. Àwọn ọlọ́kadà sọ ọ́ ní Elétí, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí àáfà sọ ọ́ lọ.

Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan nígbà kan tó ń jẹ́ Mùs'áb. Mùs'áb kó owó oúnjẹ rẹ̀ jọ, ó fi ra géèjì. Ọjọ́ tí Jíbrílù rí i lọ́wọ́ rẹ̀, níṣojú àwọn oníbàárà, ó já a gbà, ó rìn dé etí ọ̀sà, ó sọ ọ́ sómi. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run ò fún létí ló ń fi irin wọn nǹkan. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Mùs'áb nu ọwọ́, ó padà sídìí máṣíìnì. Ó kọ́ṣẹ́ parí, ó gba ìyọ̀ǹda, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni etí Jíbrílù bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Fóònù á máa dún lápò rẹ̀, kò ní gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣakaṣaka tápẹ́ẹ̀tì fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá pariwo sọ ṣì ń wọlé, ìyókù di ariwo lásán. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè sùn. Elétí tí kò létí mọ́, kí ló kù? Àlímọ̀t nìkan ló sọ fún.

Àlímọ̀t ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì dá ọgbọ́n kan. Bí Jíbrílù bá gbé sukudiráfà létí, á rọra la ojú kan wo ìyàwó rẹ̀. Bí tápẹ́ẹ̀tì bá ṣì ń lù, Àlímọ̀t á fọwọ́ kan ìborùn rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ohun tó burú, á káwọ́ lé itan, kò ní ṣe nǹkan kan. Báyìí ni obìnrin yìí ṣe fi etí rẹ̀ bọ́ ilé fún ọdún méjì, tí wọ́n ń yin ọkọ rẹ̀.

Ì bá mọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jíbrílù fẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀ sókè nítòsí òun, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀. Bó bá ti rí oníbàárà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, nítorí ìyàwó mi. Etí ẹ̀ ti lọ." Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bú Àlímọ̀t níṣojú rẹ̀, wọ́n ní adití ò kúkú gbọ́. Àwọn ọmọdé á yọ́ wá sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń gbé e mì. Lọ́jọ́ ìsoyìgì Khairiyyah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ẹlòmíràn ni wọ́n fi jókòó sípò ìyá ìyàwó, wọ́n ní adití ò ní mọ̀gbà tí wọ́n bá pe òun. Jíbrílù wà níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó jẹ ẹran rẹ̀.

Kò sí ọlọ́kadà mọ́ ní Erékùṣù Èkó báyìí, ìjọba ti lé wọn. Àwọn máṣíìnì tó ń gbé ẹrù oníbàárà kiri ló kù. Bilqis, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ mánéjà irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Marina, ní máṣíìnì tuntun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ń wá mẹkáníìkì kan ṣoṣo tí yóò máa tọ́jú gbogbo wọn. Bí Jíbrílù bá pàdánù iṣẹ́ yìí, páànù rẹ̀ á wó nìyẹn. Òun gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, Bilqis gbé ọ̀kan nínú máṣíìnì náà wá, ó sì pe Mùs'áb wá bá wọn níbẹ̀. Ó fẹ́ wo iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Mùs'áb dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó gbóhùn sókè, ó ní, "Ọ̀gá mi ni wọ́n, mi ò lè bá wọn du nǹkan. Mo ti fi géèjì ṣe tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó dé ibí, nígbà tó tutù. Kí wọ́n fetí yẹ̀ ẹ́ wò fún wa. Ohun tí wọ́n bá sọ labẹ gé."

Orí Jíbrílù wú. Ó ní Mùs'áb ti gbọ́n níkẹyìn. Kò mọ̀ pé láti oṣù tó kọjá ni Mùs'áb ti kí Àlímọ̀t ní ohùn kẹ́lẹ́, tí adití sì dá a lóhùn, tó sì kí Elétí láti ẹ̀yìn nígbà mẹ́ta tí Elétí ò yíjú.

Àwọn èèyàn ti pé. Mùs'áb tan máṣíìnì. Jíbrílù kúnlẹ̀, ó gbé sukudiráfà lé e, ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, ó di ojú. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí kankéré kan náà ni jẹnẹrétọ̀ oníyìnyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wà, èyí tó máa ń mi gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ tìtì látàárọ̀. Mùs'áb na ọwọ́, ó pa máṣíìnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Ó wá wo Àlímọ̀t, bóyá á ta ọkọ rẹ̀ lólobó.

Ilẹ̀ ṣì ń mì. Ọwọ́ Jíbrílù ṣì ń gbọ̀n. Ó la ojú kan wo ìyàwó rẹ̀. Àlímọ̀t káwọ́ lé itan, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ọkàn Jíbrílù balẹ̀.

"Ó dáa," ó wí, ó ń mi orí. "Tápẹ́ẹ̀tì òkè ń lọ geere. Ti ìsàlẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò ṣe nǹkan. Ẹ má tíì pa á o, ẹ jẹ́ kó ṣì máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ tún un gbọ́."

Ó la ojú méjèèjì. Ẹnu gbogbo èèyàn ló ṣí, èjìká wọn ń mì, oníyìnyín ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń nu omi ojú. Ó wá rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Mùs'áb. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. Ìtìjú gùn ún láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu gbé òun mì.

Mùs'áb bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi géèjì tuntun kan sí i látẹ́lẹwọ́, ó pa á dé fún un bí ẹni tó ń fún ọmọdé ní súìtì. Bilqis nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù, ó tẹ nǹkan sí i, ó gbé e síwájú Jíbrílù kó kà á: "Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mùs'áb la máa gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ máa lọ sinmi." Àánú tó wà lójú ọmọ náà dun Jíbrílù ju ẹ̀rín lọ.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Jíbrílù wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Àlímọ̀t ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àlímọ̀t, o rí i pé ó pa á. O rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló dé tí o káwọ́ lé itan, tí o ò ta mí lólobó?"

Àlímọ̀t ò gbójú sókè. Ó gbóhùn sókè ketekete, bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí òun fúnra rẹ̀ ládùúgbò. "Bàbá Khairiyyah, kí lẹ fẹ́ kí n gbọ́? Ṣebí èmi ni adití."

"Dárí jì mí," Jíbrílù wí.

Obìnrin náà gbé aṣọ sílẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́. Jíbrílù sún mọ́ ọn. Ó rí ètè rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó rí i tó pe Khairiyyah. Ó rí i tó da ọwọ́ bo àyà, tí omi bọ́ lójú rẹ̀, tó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó gbóhùn sókè, òun ò gbọ́. Àlímọ̀t mi orí, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ọdún méjì, ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú àwọn tó ń bú u. Jíbrílù di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, kò mú ẹyọ kan níbẹ̀.

Kò mọ iye ìgbà tí wọ́n fi jókòó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Àlímọ̀t gba ọwọ́ rẹ̀, tó gbé kẹ́tùlù, tó jáde lọ ṣe àlùwàlá, ni Jíbrílù tó mọ̀ pé wọ́n ti pe ìrun Àsárì.