Ojú Tó Ń Yan Páálí

Ẹni tó bá sọ pé ọṣẹ ló ń ta ara rẹ̀ kò tíì bá Bàbá Páálí sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yìí lè bá yín jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. "Ọṣẹ wo? Ta ló fi wẹ̀ kó tó rà á? Páálí ni wọ́n ń rà." Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń ya àwòrán sára páálí ọṣẹ, tíì àti bisikíìtì, ó ń kùn ún, ó ń gé e, ó sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí ojú ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù má lè lọ síbòmíì.

Ṣùgbọ́n páálí kan kì í jáde nílé rẹ̀ láìjẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ yàn án. Bàbá Páálí á to páálí àwọn ẹlòmíì sórí tábìlì, á ki tirẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán sáàárín wọn, á wá ké sí i ní yàrá pé, "Ìyá ọmọ, wá wò ó." Èyí tó bá kọ́kọ́ wọ obìnrin náà lójú ni yóò gbé. Bó bá gbé ti ẹlòmíì, Bàbá Páálí á fa tirẹ̀ ya dànù, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ìyàwó á tún fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá ọmọ, èyí dà bí ojú rẹ nígbà tí ebi bá ń pa ọ́."

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kò gbé ti ẹlòmíì mọ́ rárá. Tọkọ rẹ̀ ló ń gbé ṣáá. Inú Bàbá Páálí ń dùn, ó ní ọwọ́ òun ti gbó sínú iṣẹ́. Ohun tí kò yé e ni pé ọjà ò tà. Ọ̀gá ọlọ́ṣẹ tó ń gbéṣẹ́ fún un wá bá a nílé.

"Bàbá, páálí yín ò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ ya òmíràn, a ó gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Bí kò bá tà, ẹ má bínú, a máa wá ẹlòmíì."

Nígbà tó lọ tán, Bàbá Páálí pòṣé. Ìyàwó òun yàn án. Ojú wo ni tiwọn?

Páálí tuntun ti ilé ìtẹ̀wé dé, ó pupa fòò, ó gbẹ, ó ń dán. Bàbá Páálí tò ó mọ́ àwọn tó kù. Páálí tíì kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti ya, ó sáré fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó wá pe ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà dé ìdí tábìlì, ó tẹrí díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ré páálí pupa kọjá, ó gbé páálí tíì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Èyí ni, olówó orí mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ṣeé fi pa mọ́."

Bàbá Páálí rẹ́rìn-ín. "Dá a padà jàre, má fi mí ṣeré." Àfi ìgbà tó rí i pé ìka obìnrin náà wà lójú gọ́ọ̀mù tútù yẹn. Ó ju ọwọ́ níwájú ojú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò ṣẹ́jú.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Òórùn gọ́ọ̀mù ni mo fi ń mọ tìrẹ."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bí o bá ń pè mí wá wò ó, ohùn rẹ máa ń dùn. Mi ò fẹ́ kí o dẹ́kun pípè mí."

Nílé ìwòsàn, dókítà ní díẹ̀díẹ̀ lojú náà ti ń kú. Ká ní wọ́n tètè wá ni, òògùn ì bá dá a dúró. "Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbélé, ẹ ò ṣàkíyèsí?" Ẹ wo ọkùnrin tó mọ ohun tí ojú àlejò ń wá nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò wo ojú ẹni tó jókòó kọjú sí i nídìí oúnjẹ. Obìnrin náà máa ń forí gbá ilẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ á ní kó máa rọra. Nígbà tí kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ọkọ rẹ̀ ní àgbà ló dé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Bàbá Páálí sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé, ìyàwó rẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọlọ́ṣẹ wá ẹlòmíì lóòótọ́. Àwọn oníbisikíìtì kéékèèké ló kù fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣe páálí kan tán, ó tò ó mọ́ ti àwọn ẹlòmíì sórí tábìlì, kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́: "Ìyá ọmọ, wá wò ó."

Ó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó ti bọ́. Obìnrin náà fọwọ́ tọ ara ògiri jáde láti yàrá, ó dé ìdí tábìlì, ó na ọwọ́ sórí àwọn páálí náà, kò fọwọ́ kan ìkankan. Ó kọjú síbi tó ti gbọ́ èémí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ," ó ní, "èwo lo fẹ́ kí n mú?"