Aró ọwọ́ mi ba Ìyá Sikirù nínú jẹ́

Ìyá Sikirù, ìyá onílé mi, fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí mi lónìí.

Mo ń ti ilé-iṣẹ́ aṣọ wa ní Ìsọlọ̀ bọ̀, aró ti kùn mí dé ìgúnpá. Ìyá Sikirù jókòó ti igbá ańkárá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí.

"Délé, owó epo rọ̀bì dé, ìjọba ń wá ọmọ yunifásítì kiri. Wọ́n fún ẹ ní ọ́fíìsì, wọ́n fẹ́ fún ẹ ní mọ́tò. O wá kúrò ńbẹ̀, ò ń pa aṣọ láró?"

"Mà, ìwé ìròyìn ni mò ń kà ńbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́."

"Ṣé ìyẹn náà burú?"

Mo yọ àpẹẹrẹ aṣọ búlúù kan nínú báàgì fún wọn. Wọ́n fi omi rin etí ìborùn funfun wọn, wọ́n fi nu aṣọ náà gidi. Ìborùn ṣì funfun, aró ò ràn án. Wọ́n tún nu ibòmíì.

"Ta ló po aró yìí?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ańkárá wọn. "Ìgbà wo lẹ máa kó o jáde?"

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ wà nídìí tábìlì ìjọba, ẹ sọ fún mi: kí lẹ ṣe lónìí tí ẹnì kan lè fi omi nù wò?