Ọjọ́ Àáró Mi àti Afárá Gbogbo Ìlú

Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí àwa géńdé mẹ́fà ní Ìgbó-Ọrà jọ ń ṣe àáró: gbogbo wa á lọ oko ẹnì kan lónìí, a ó lọ ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Nígbà tó kàn mí, oko bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ni mo fẹ́ kó wọn lọ. Bàbá náà ti là á mọ́lẹ̀ pé bí n kò bá kọ ebè òun tán lọ́jọ́ náà, dírẹ́bà lọ́rì kan ní Èrúwà ni òun yóò fọmọ fún. Dírẹ́bà ní bàtà. Èmi ní ọkọ́.

Tíṣà tó ń gbé agboolé wa wà nínú àáró náà. Àárọ̀ ọjọ́ mi gan-an ni ìròyìn dé pé afárá onígi ọ̀nà oko ti wó, àwọn obìnrin kò lè ru gbáàgúdá kọjá wá sọ́jà. Ni tíṣà bá gbé ọ̀rọ̀ ìwé kalẹ̀.

"Ohun tó bá mú inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn jù ni ohun tó tọ́. Bí a bá lọ oko àna rẹ, inú ẹ̀yin díẹ̀ ló máa dùn. Bí a bá tún afárá ṣe, inú gbogbo ìlú ni."

"Tíṣà, ẹ wọn inú tèmi dáadáa o! Ayọ̀ tèmi nìkan á tó ti ogún èèyàn."

"Rárá o. Nínú ìṣirò yìí, ọba ò ju ẹnì kan lọ, ìwọ náà ò ju ẹnì kan lọ."

"Ọkọ ìyàwó, pẹ̀lẹ́ o!" Báyìí ni àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n kó àdá mọ́ ọkọ́ wọn, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ.

Ìwé kejì ni mo kà mọ, kò tó fi bá tíṣà jiyàn. Mo dá nìkan lọ sóko àna mi, tí kò kọjá odò. Mo kọ ebè bí ẹni tí iná ń lé. Ẹ má pè mí ní òpùrọ́: òkété mẹ́ta jáde nínú ihò, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí àwọn sùn. Síbẹ̀, nígbà tí oòrùn kàn tàrí, ilẹ̀ ṣì lọ rẹrẹ, àna mi sì dúró sábẹ́ igi, ó kọjú sí ọ̀nà Èrúwà.

Àfi bí mo ṣe rí ẹni tí àáró kàn lọ́la, tó ń sáré bọ̀ tòun tọkọ́.

"Kí ló dé?"

"Mo ń gé igi lọ́wọ́ ni mo rò ó pé bí wọ́n bá fo tìrẹ, wọ́n á fo tèmi náà."

Ohun kan náà ló lé àwọn yòókù dé. Tíṣà ló dé kẹ́yìn, ẹrẹ̀ kún un dé orúnkún.

"Tíṣà, ṣé inú ìlú ti dùn tán ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìṣirò mi ló kù díẹ̀ káàtó. Mi ò ka ẹ̀rù pé wọ́n á fo tẹni mọ́ ọn. Bí àáró bá tú nítorí afárá kan, àwọn wo ni yóò tún èyí tó bá wó lẹ́yìn ọ̀la ṣe?"

A kọ ebè náà tán. Inú àna mi dùn débi pé ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí á tó lọ oko ẹni tó kàn, ó kó gbogbo agboolé rẹ̀ jáde, a jọ tún afárá náà ṣe.

Mo ti darúgbó báyìí. Mi ò bá ọ̀rọ̀ tíṣà jà. Ó ti ràn mí lọ́wọ́ láti parí ìjà kànga àti ìjà ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń sọ nípàdé pé gbogbo ìlú ni yóò jàǹfààní, mo máa ń ní kí ẹni tí yóò pàdánù kọ́kọ́ dìde ná, kí á rójú rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi á máa fà mí láṣọ pé kí n jókòó, mo ti ń da ìpàdé rú. Mi ò ní jókòó. Inú mi á kàn máa dùn pé òun gan-an, tí ì bá ti di ìyàwó dírẹ́bà, ló ń fà á.